Sinimá Onígíá ti Màmá Gẹ́sítì

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Akin ní ìlú Oǹdó láti kọ́ iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àkísà ni ó gbé lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n lọ sí gẹ́sítì háòsì tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, kí n nu ojú ẹ̀rọ kan tó wà ní yàrá ìgbafẹ́ wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gírámà ní Àkúrẹ́ ni, mo ti ka físíìsì, mo sì rò pé mo ti gbọ́n tán. Inú bí mi gan-an. Mo bi ara mi léèrè pé ṣé torí kí n lè máa nu gíláàsì fún àwọn ará Oǹdó ni ìyá mi ṣe ta gbogbo ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀ ní Ìjù.

Nígbà tí mo rí ẹ̀rọ náà, ìbínú mi rọlẹ̀. Ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Pákó ni ara rẹ̀, wọ́n kùn ún ní búlúù, tẹlifíṣọ̀n wà ní àyà rẹ̀, ọ̀pá kékeré kan bíi gíá mọ́tò sì wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì pupa kan. Sinimá Onígíá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkọ ìyá tó ni gẹ́sítì náà ló rà á wá láti Amẹ́ríkà nígbà tí náírà ṣì lágbára, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí bàbá náà fi kú.

Ẹ má rò pé irú géèmù tí àwọn ọmọ ń ta lórí fóònù ni mò ń sọ o. Nínú àpótí búlúù yẹn, àwo kan wà tó fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò ńlá, tó ń dán bíi dígí. Sinimá ni wọ́n kó sí ojú rẹ̀, àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Iná lésà tín-ín-rín kan ló ń kà wọ́n. Lábẹ́ àwo náà ni bọ́ọ̀dù wà, òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀dù ló máa ń pàṣẹ pé kí wọ́n gbé àwòrán nọ́ńbà báyìí wá, yóò sì máa ṣọ́ nọ́ńbà bí sinimá ti ń lọ. Ọkùnrin kan tó ń gbé lẹ́tà ọba la òkè kọjá ni ó wà nínú sinimá náà, àwọn ará Oǹdó sì sọ ọ́ ní Bọ̀dá Onílẹ́tà. Bí Bọ̀dá bá dé etí odò, o gbọ́dọ̀ ti gíá sí ọ̀tún ní kété tí igi bá ń wó bọ̀. Bí o bá yára jù, ó kú. Bí o bá pẹ́, ó kú. Ikú rẹ̀ sì máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, torí wọ́n ya àwòrán ikú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Mò ń nu gíláàsì náà lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí ìyá tó ni ilé wọlé. Màmá Gẹ́sítì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Tíṣà ìṣirò ni tẹ́lẹ̀, ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ojú rẹ̀ sì le bíi ti ẹni tó ti na ọmọ púpọ̀ ní pátíyẹ́.

Ó ní, "Ṣé o ti nù ún tán?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ti ilẹ̀kùn yẹn."

Mo tì í. Màmá bọ́ bàtà, ó tún gèlè dì, ó gbá gíá mú. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Bọ̀dá Onílẹ́tà ti sọdá odò, ó ti sá fún béárì, ó ti ń fò lórí afárá okùn. Ẹnu yà mí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń pé jọ sí yàrá yẹn lọ́jọ́ Sátidé kò kọjá béárì rí. Nígbà tí ó ta á tán, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì yíjú sí mi. "Bí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, màá sọ fún ọ̀gá rẹ pé o ń sùn lẹ́nu iṣẹ́." N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọdún kan ni mo tó mọ̀ pé ọ̀gá mi ti mọ̀ tipẹ́, pé ìdí gan-an tí ó fi ń rán mi lọ nu gíláàsì lójoojúmọ́ nìyẹn, kí Màmá lè ríran dáadáa.

Ọ̀gá Akin fúnra rẹ̀ jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ tó gbàgbọ́ nínú nǹkan méjì: kí a fọ ọwọ́ kí a tó tú ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ, àti kí a gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà dé òpin kí a tó mú súkúdíráfà. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọṣẹ́ bá já oníbàárà lẹ́nu, ọ̀gá á ní kó jókòó síta di ọ̀sán. Èmi ni mo jókòó síta jù.

Nígbà tó yá, ìgbà Sápù dé, tí ìjọba já náírà sílẹ̀, tí gbogbo nǹkan sì wọ́n. Àwọn tó bá ti dàgbà mọ ohun tí mò ń sọ. Iná lésà inú ẹ̀rọ náà jó ní àkókò yẹn gan-an. Òkè òkun nìkan ni wọ́n ti lè rí òmíràn rà, bí a bá sì ti fẹ́ sún mọ́ iye rẹ̀, náírà á tún ti sá sẹ́yìn. Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ó sọ fún ìyá náà pé, "Màmá, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì." Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn di oṣù, oṣù di ọdún, ọdún lé ní ọgbọ̀n. Ọ̀gá fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Láàárín ìgbà yẹn, oríṣiríṣi nǹkan tán nínú ṣọ́ọ̀bù, a wá sípíkà tì, a wá waya tì. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wo ọ̀kánkán kọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀gá á ní, "Ẹrù ẹlẹ́rù ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Mo gba òmìnira, mo padà sí Àkúrẹ́, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi lẹ́yìn Ọjà Ọba. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe mọ́, mo kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá kò yí padà ní tirẹ̀. Rédíò ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, rédíò ló sì fi darúgbó.

Ìgbà kejì tí nǹkan le tí mo rí láyé mi ni a wà nígbà tí ọ̀gá pè mí lórí fóònù. Pẹtiróòlù ti gbówó lórí débi pé àwọn tó ń gbé ní Ìgbàrà-Òkè tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì wá síṣẹ́ ní Àkúrẹ́ ti ń sùn sí ọ́fíìsì láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mò ń bá tún kọ̀ǹpútà ṣe ti gbé tiwọn jù sílẹ̀, wọ́n ní àwọn máa fara dà á. Èmi náà ń fara dà á.

Ọ̀gá ní, "Dayọ̀, ghá sí Oǹdó." Bí àwọn ṣe ń sọ pé kí èèyàn wá nìyẹn, ó sì jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá wúwo nìkan ni ó máa ń fi èdè ilé bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo. Ojú ọ̀gá ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín, ó ní bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù ni òun ṣe ń ríran. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ti bá dókítà sọ̀rọ̀: bí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, èyí tó kù nínú ojú náà yóò dúró. Bí ó bá pẹ́, òkùnkùn ni. Gbogbo ohun tó kù ni pé kí ọ̀gá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀gá kọ̀. Ó ti fi ìyókù ojú rẹ̀ rìn káàkiri ìlú, ó dá rédíò padà, ó dá áyọ́ọ̀nù padà, ó dá fáànù àwọn tó ti kú padà fún ọmọ wọn. Ẹrù kan ṣoṣo ló kù ní kọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ fún Màmá bó ṣe wà. Á yé wọn."

Ó ní, "Ẹni tó bá fi ẹrù oníbàárà sílẹ̀ láìṣe, tó sì lọ, kò ti ṣọ́ọ̀bù. Ó sá ni. Mo sọ fún Màmá pé màá ṣe é."

"Iná lésà yẹn kò sí níbikíbi mọ́, sà."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà lè ṣe bí àwo."

Òtítọ́ ni. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n fẹ́ràn irú ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n sì ti ṣe sọ́fíwíà tó ń díbọ́n bíi pé òun ni. A ó ka ohun tó wà nínú àwọn ṣíìpù orí bọ́ọ̀dù sínú kọ̀ǹpútà, a ó sì kó sinimá inú àwo wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọpọlọ àtijọ́ yẹn bá ti béèrè àwòrán nọ́ńbà báyìí, sọ́fíwíà á gbé e wá láti inú sinimá tí a kó, bọ́ọ̀dù kò ní mọ̀ pé àwo kò sí mọ́. Mo sọ fún ọ̀gá pé kó máa di ẹrù Ìbàdàn rẹ̀.

Ṣíìpù kò fún mi ní wàhálà. Àwo ló le, torí mo gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rọ tó ṣì lè kà á. Bàbá lẹ́kírà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìgbàrà-Òkè ní ọ̀kan tí ó kó bọ̀ láti Amẹ́ríkà, òun ni ó fi ń wo àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá náà kò jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò ní pálọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá a. Mo fi ọṣẹ fọ àwo náà, mo gbẹ ẹ́, mo so ẹ̀rọ bàbá mọ́ kọnfátà, mo so kọnfátà mọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì kó sinimá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọnfátà ni àpótí kékeré tí gbogbo oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nílùú wa ní. Àwòrán tó bá jáde láti inú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kì í bá tẹlifíṣọ̀n tiwa mu, kọnfátà ló ń yí i sí èyí tí tiwa ń gbà.

Nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, mo rí i pé nọ́ńbà àwọn àwòrán kò bára mu. Bọ́ọ̀dù á béèrè odò, béárì á jáde. Mo ní àwo ti gbó ni. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fi ojú wá ibi tí ìran kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà tuntun fún un. Lẹ́yìn náà mo dán gbogbo ìran wò, mo ta ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣe dáadáa. Mo gbé kọ̀ǹpútà sínú àpótí búlúù àtijọ́, mo so gíá àti bọ́tìnì pupa mọ́ ọn, mo sì fi pánẹ́ẹ̀lì tuntun rọ́pò tẹlifíṣọ̀n tó ti kú. Orí mi wú. Mo rí ara mi bí ẹni tó jí òkú dìde.

A gbé e lọ sí ilé Màmá Gẹ́sítì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Gẹ́sítì ti di ilé tí wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n Màmá ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ń fi ọ̀pá rìn. Nígbà tí ó rí àpótí búlúù náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, a gbé àga sí ìdí ẹ̀rọ fún un, ọ̀gá mi jókòó sórí àga kejì, ó di ojú rẹ̀, ó ń gbọ́.

Bọ̀dá Onílẹ́tà sọdá odò. Màmá rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá bọ́ lọ́wọ́ béárì, ó kù díẹ̀ kó mú un. Nígbà tó dé orí afárá okùn, ó fo ẹ̀ẹ̀kan, ó fo ẹ̀ẹ̀kejì, ó já sílẹ̀. Màmá tún un ta. Ó já sílẹ̀ níbi kan náà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Màmá gbé ọwọ́ kúrò lórí gíá.

"Èyí kọ́," ni ó wí. "Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Tó bá yá, ẹ̀rọ yìí á máa sùn lẹ́yìn mi. Mo ti ti gíá, òun kò tíì ṣe tán."

Ọ̀gá mi kò ṣí ojú. Ó ní, "Mo gbọ́ ìró gíá yẹn. Bí orin ṣe gbé sókè ni ọwọ́ Màmá bọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Ó yẹ kí n gbọ́. Àgbà méjì ló sọ ohun kan náà, ọ̀kan fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n, èkejì fi etí mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti ń ro ọkọ̀ tí mo máa wọ̀ padà sí Àkúrẹ́, mo ti ń ro ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi kọ nọ́ńbà. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Ọjọ́ ti pẹ́. Ọwọ́ ò lè yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Màmá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó wo ẹ̀yìn wọn, ó yí wọn padà, ó wo inú wọn. Ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ohùn tí ó fi sọ ọ́ dùn mí, ṣùgbọ́n agídí kò jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi padà.

Ọ̀gá dìde, ó ní kí a máa lọ. Nígbà tí a dé ìta, ó sọ fún mi pé bí oníbàárà bá ní kò tíì ṣe é, kò tíì ṣe é nìyẹn, àti pé kí n sọ fún ọmọ òun ní Ìbàdàn pé kó ṣe sùúrù. Ọkàn mi dàrú. Mo ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, mo sáré padà wọlé lọ bá Màmá.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ó ti ṣe. Ojú wọn ń lọ. Wọn ò ní lọ sí Ìbàdàn bí uṣẹ́ yìí ò bá parí."

"Uṣẹ́," ni ó wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àkúrẹ́ ò ní kúrò lẹ́nu rẹ láéláé." Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Gbọ́. Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe tíṣà, ọmọ sunkún sí mi lára, bàbá ọmọ wá bẹ̀ mí, mi ò fi àmì rere sí iwájú ìṣirò tí kò tọ̀nà rí. Bí mo bá sì purọ́ fún Akin, yóò gbọ́ ọ nínú ohùn mi. Ojú rẹ̀ ló ń lọ, etí rẹ̀ ò lọ. Ṣé irọ́ ni kí n fi sìn ín dé Ìbàdàn? Lọ wo ẹ̀rọ rẹ dáadáa."

Mo fi ìbínú padà sí Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ọ̀gá pè mí láti Ìbàdàn, ó ní dókítà kò lè fi àyè náà pa mọ́ ju ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ. Ó ní, "Bọ̀dá Dayọ̀, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Mo ṣèlérí, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo máa ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, aránṣọ kan láti Ọjà Ọba gbé ẹ̀rọ fídíò kan wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, kò sì gbé àwọ̀ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. N kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Mo ní, "Ti Amẹ́ríkà ni, a kàn máa yí i sí tiwa ni," mo sì na ọwọ́ sí ibi tí kọnfátà máa ń wà. Kò sí níbẹ̀. Ó ṣì wà nínú àpò tí mo gbé lọ sí Ìgbàrà-Òkè.

Ọwọ́ mi dúró lófuurufú. Aránṣọ náà ní, "Ṣé kò sí ni?"

Mo ní, "Ó wà. Òun gan-an ló wà níbi tí kò yẹ kó wà."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Sinimá Amẹ́ríkà ń fi ọgbọ̀n àwòrán kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n tiwa ń fi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kí kọnfátà tó lè yí ti ibẹ̀ sí tiwa, ó gbọ́dọ̀ ju àwòrán kan nù nínú mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni tó bá jókòó wo sinimá kò ní mọ̀, torí sinimá kò yára, kò falẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpọlọ àtijọ́ yẹn kò wo sinimá, nọ́ńbà ni ó ń kà. Bí Bọ̀dá bá fò lójú wa, nọ́ńbà tí bọ́ọ̀dù ń retí kò tíì pé. Bí ìran bá ṣe ń gùn sí i ni ẹ̀rọ ń pẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kò fi bára mu látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbẹ̀rẹ̀ ìran kọ̀ọ̀kan fi dára nígbà tí mo dán an wò, tí Màmá sì ń já sílẹ̀ lórí afárá tó gùn. Àwo kò gbó rárá. Ọwọ́ Màmá kò sì pẹ́. Èmi ni mo fi kọnfátà kan gé sinimá rẹ̀, tí mo wá sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ti di ti arúgbó.

Ojú tì mí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ojú tì mí níwájú aránṣọ tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí mo lò lè gba àwòrán Amẹ́ríkà tààrà, kò nílò kọnfátà, bọ́tìnì kan péré ni kí n yàn. Ọ̀gbẹ̀rì tí kò kọ́ṣẹ́ kankan ì bá so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ tààrà, ì bá sì gbà á. Àwa tí a ti fi ọjọ́ ayé wa yí nǹkan ẹlòmíràn sí tiwa nìkan ni a lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Mo pe ọ̀gá. Mo ní, "Ọ̀gá, Màmá jàre. Kọnfátà ni mo so sí àárín."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ń wúkọ́. "Dayọ̀! Èmi ni mo kọ́ ọ! Èmi ni mo ní bí ẹ ti rí nǹkan Amẹ́ríkà, kọnfátà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú!"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé kí n gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà dé òpin, sà."

"Ìyẹn ni o ò gbọ́," ni ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wà ní pálọ̀ bàbá lẹ́kírà ní Ìgbàrà-Òkè kí ó tó jẹun tán. Mo kó sinimá náà lẹ́ẹ̀kejì, tààrà. Nígbà tí mo gbé e fún sọ́fíwíà, mo pa gbogbo nọ́ńbà tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ rẹ́. Bọ́ọ̀dù béèrè odò, odò jáde. Ó béèrè afárá, afárá jáde. N kò ní ohunkóhun láti tún ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ta ìran afárá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo kú nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé tèmi ni gbogbo ikú náà.

Ọjọ́ kẹta ni a tún padà sí ọ̀dọ̀ Màmá Gẹ́sítì. Kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Màmá, ọwọ́ yín kò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ tèmi ló ṣì í ṣe, ẹnu mi ló sì bà á jẹ́ sí i. Ẹ forí jì mí."

Ó ní, "Dìde, ọmọ Àkúrẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ yẹn ni, ó ṣì tutù." Ṣùgbọ́n kí n tó dìde tán, ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan orí mi.

Ó jókòó, ó bọ́ bàtà. Ọ̀gá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ojú rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi dúró, ẹsẹ̀ mi kò jẹ́ kí n jókòó. Bọ̀dá Onílẹ́tà sọdá odò. Ó bọ́ lọ́wọ́ béárì láìsí wàhálà. Ó gun orí afárá okùn, ó fo ẹ̀ẹ̀kan, ó fo ẹ̀ẹ̀kejì, ó fo ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òdìkejì. Mo rí i tí èjìká Màmá rọlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ìkún omi dé, ó kọjá nínú rẹ̀. Ihò àpáta dé, ó kọjá nínú rẹ̀. Ó dé iwájú ilẹ̀kùn ọba, níbi tí wọ́n ti máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ Bọ̀dá lójú bí kò bá sáré wọlé ní kété tó bá ṣí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Gíá dún. Ilẹ̀kùn tì. Bọ̀dá Onílẹ́tà fi orí gbá pákó, ó sì ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀.

Mo ti ń wá ibi tí mo tún ti ṣì í ṣe. Mo ti na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ nígbà tí Màmá fi ọ̀pá rẹ̀ gbá mi lọ́rùn ọwọ́.

"Má fọwọ́ kàn án!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Èmi ni mo pẹ́. Mo pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ẹ̀rọ ò pẹ́."

Ọ̀gá ṣí ojú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?"

"Akin, nígbà tí ọwọ́ mi ṣì yá gan-an, ẹnu ilẹ̀kùn yẹn náà ni mo ti máa ń pa á. Mo mọ ikú tó jẹ́ tèmi. O ti ṣe é."

Ọ̀gá fi àtàǹpàkò pa orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó na ọwọ́ wá èjìká mi títí ó fi rí i.

Ó ní, "Dayọ̀, ṣé ọkọ̀ Ìbàdàn ṣì wà ní gáréèjì ní ìwòyí?"